Ẹ Bi Onírédíò Ìta Ẹlẹ́wà: Rífáàbù Tó Ń Kùn, Trẹ́mólò Tó Ń Kanlẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ gìtá ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Àwọn ọmọ wa ti ń fọwọ́ ara wọn kan rífáàbù àti trẹ́mólò onífáàfù. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: fáàfù ni ife onígíláàsì tó ń sọ ìró di ńlá nínú ẹ̀rọ; rífáàbù máa ń gba ìró kọjá lára sípíríǹgì kó tó jáde, kó lè dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá la ti ń ta gìtá, trẹ́mólò ní tiẹ̀ máa ń gbé ohùn sókè, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, lemọ́lemọ́. Inú mi dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí ọmọdé kan ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá béèrè fáàfù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo kan rífáàbù àti trẹ́mólò pọ̀ sínú àpótí kan. Fáàfù 12AT7 ló ń ti ìró sínú sípíríǹgì, 12AX7 ló ń gbà á padà, fáàfù kẹta ló ń darí trẹ́mólò, pẹ̀lú gílóòbù níọ́ọ̀nù tó ń ṣẹ́jú àti LDR, rẹsístọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà. Bí mo bá ṣí rífáàbù, ó ń kùn. Bí mo bá tan trẹ́mólò, kó-kó-kó ni mò ń gbọ́, bí mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn gìtá. Trẹ́mólò náà kì í sì í tètè dìde. Mo ti pààrọ̀ gbogbo fáàfù, pàbó ló já sí. Mo fi fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́. — *Onígìtá, Ìgbógbó*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, owó fáàfù ti lọ nìyẹn. Àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe ẹ̀rọ rẹ, ọ̀kan kò sì bí èkejì. Jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Gìtá rẹ la ó fi yẹ kíkùn yẹn wò. Tẹ okùn tó nípọn jù ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kó o ta á. Ohùn G nìyẹn, 98 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 98 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná tiwa níbí 50 Hz ni; tí rẹkitifáyà bá ti yí i sí DC, ìyókù tí kò sẹ́ tán nínú rẹ̀ á máa kùn ní 100 Hz, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá G yẹn dọ́gba. Bí kíkùn rẹ bá bá okùn náà mu, kàpásítọ̀ ńlá tó ń sẹ́ iná ló ti gbẹ. Bó bá wà nísàlẹ̀ okùn náà ní ọ́kítéèfù kan, 50 Hz ni, tiransifọ́mà tàbí waya fílámẹ́ǹtì, èyí tó ń mú fáàfù gbóná, ló ń rá wọlé. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà á máa sọ 120 Hz fún ẹ, torí 60 Hz ni iná tiwọn. Má fi wọn iná Ìkòròdú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé 50 Hz ni tìẹ, nítorí nínú fọ́tò yẹn, àpótí sípíríǹgì àti tiransifọ́mà ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Rẹ ohùn ámúpù sílẹ̀, kó o yọ waya tó ń ti ẹnu àbájáde sípíríǹgì bọ̀, kó o tún gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dákẹ́, o ti mú olè. Kọ́ìlì kékeré kan wà nídìí ẹnu àbájáde yẹn pẹ̀lú mágnẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ píkọ́ọ̀pù gìtá ló ń ṣe, gbogbo ohun tí tiransifọ́mà bá ń tú sáfẹ́fẹ́ ló sì ń gbọ́. Tú síkúrù àpótí sípíríǹgì náà. Fi waya gígùn so ó, gbé e dání, máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Wàá gbọ́ ibi tó ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ibẹ̀ ni kó o dè é mọ́. Ẹnu àbájáde ló yẹ kó jìnnà sí tiransifọ́mà jù.

Wo nọ́ńbà ara àpótí sípíríǹgì náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 4AB3C1B, lẹ́tà C yẹn ń sọ pé ẹnu àbáwọlé kò kan irin àpótí, àbájáde ló kàn án. Bó o bá tún wá fi waya earth mìíràn so irin náà mọ́ ara ẹ̀rọ, ọ̀nà méjì lo fún earth, ìyẹn náà á máa kùn.

Ó ku kó-kó-kó. Yí dẹ́ẹ̀pù trẹ́mólò, bọ́tìnnì tó ń sọ bí ohùn ṣe máa rẹlẹ̀ tó, sí òdo. Bó bá ṣì ń kanlẹ̀kùn, kì í ṣe LDR ló ń bá wọlé. Wá yí rífáàbù náà sí òdo. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀, fáàfù tó ń gba ìró padà lọ́wọ́ sípíríǹgì ló ń gbọ́ ọ, torí ìró tín-ín-tín ni wọ́n ń gbé fún un pé kó sọ di ńlá, kò sì mọ èyí tó jẹ́ gìtá yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe gìtá. Mo ti rí i nínú fọ́tò rẹ: waya pupa tó ń lọ sídìí níọ́ọ̀nù dùbúlẹ̀ lé waya girídì, ẹnu tí ìró ń gbà wọ fáàfù yẹn, ó tẹ̀lé e láti sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé kọ̀rọ̀ àpótí. Gbogbo ìgbà tí níọ́ọ̀nù bá tàn, fóòtì ńlá ń fò lórí waya pupa yẹn. Gbà á gba ẹ̀gbẹ́ kejì, tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Bó bá pọn dandan kí méjèèjì pàdé, jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn. Lẹ́yìn náà, fún trẹ́mólò ní iná tirẹ̀: rẹsístọ̀ 10k kan láti orí iná ńlá, kàpásítọ̀ 22 µF onífóòtì 450 lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bá a mu níbẹ̀. Ká sọ pé èmi ni, n ò ní kó rífáàbù àti trẹ́mólò sínú àpótí kan rárá, àmọ́ o ti kàn án ná.

Ní ti àìtètèdìde, kàpásítọ̀ mẹ́ta ló ń yí ìró padà sẹ́nu fáàfù, kó lè máa ti ara rẹ̀ lọ láìdúró. Bí ìró bá fi máa gba ibẹ̀ kọjá, ó ti rù: fáàfù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 29, ó kéré tán, kó tó lè dìde. 12AX7 tí ara rẹ̀ dá á ṣe ju ìyẹn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ 25 µF kan wà nídìí kátóòdù, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìyẹn bá gbẹ, agbára fáàfù á já sí nǹkan bí 30, etí bèbè gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ra. Pààrọ̀ kàpásítọ̀ yẹn kó o tó náwó mìíràn. Kó o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára fáàfù tuntun tó o rà. 12AU7, 12AT7 àti 12AX7, ẹsẹ̀ wọn bára mu, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbà wọ́n, ontàjà ò sì ní yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹ. Bó bá jẹ́ 12AU7, tàbí ECC82 bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń kọ ọ́, agbára rẹ̀ kò tó 29 níbikíbi. O lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dìde.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Tiransifọ́mà tókunbọ̀ ni mo rà, 120 V ni wọ́n kọ sí i. Bí mo bá fi step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ fóòtì sílẹ̀, sí i, ṣé kò séwu? — *Oníṣẹ́ ọwọ́, Èbúté*

Ìdáhùn: Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 50/60 Hz, kò séwu. Bó bá jẹ́ 60 Hz nìkan, step-down tún fóòtì ṣe, kò tún Hz ṣe. Irin inú rẹ̀ á fi ìdá kan nínú márùn-ún ru ju ẹrù tí wọ́n ṣe é fún lọ, á sì máa gbóná. Ẹ tan án fún wákàtí kan láìso nǹkan mọ́ ọn. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró lára rẹ̀, ẹ gbé e jùnù.

Ẹ má gbàgbé pé iná wa gan-an kì í dúró lójú kan. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin wà nítòsí wa níbí, ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 220 lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ háàfù kọ́rẹ́ǹtì la fi ń jẹun alẹ́. Bí 240 bá já sí 170, fílámẹ́ǹtì tó yẹ kó gba fóòtì 6.3 á máa gba 4.5. Trẹ́mólò ò ní dìde, ẹ ó sì máa bú fáàfù. Ẹ fi mítà wọn iná lálẹ́ kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé mo lè fi bátìrì sólà 12 V tan fáàfù, kí n bọ́ lọ́wọ́ NEPA? — *Ọmọ Sábó*

Ìdáhùn: O lè ṣe é, ọmọ mi, orí ẹ pé. 12AX7 àti 12AT7 ń gba fóòtì 12.6 láàárín ẹsẹ̀ kẹrin àti ẹsẹ̀ karùn-ún, bátìrì tó kún tó sì simi kò jìnnà síyẹn. Tí pánẹ́ẹ̀lì bá ń gba oòrùn sínú bátìrì, ó lè gun 14.4, ìyẹn ti pọ̀ jù. Fi règúlétọ̀ sí i.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni bọ́ọ̀dù kékeré tí wàá rà láti sọ 12 di 250. Àwọn ọmọdé máa ń rò pé ohun tó bá ti ara bátìrì wá kò lè pa èèyàn. Fóòtì 250 ni fóòtì 250. Bó o bá pa á tán, kàpásítọ̀ ṣì gbé e pamọ́ sínú: fi rẹsístọ̀ 10k oníwáàtì márùn-ún, tí o fi rọ́bà wé ẹsẹ̀ rẹ̀, kan méjèèjì ojú kàpásítọ̀, kó o fi mítà wò ó pé kò ṣẹ́ku fóòtì mẹ́wàá kó o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kó wọlé. Òsì, inú àpò ṣòkòtò.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Rífáàbù ámúpù ṣọ́ọ̀ṣì wa dákẹ́ lójijì, gìtá ṣì ń dún. Wọ́n ní ká ra sípíríǹgì tuntun. — *Adarí akọrin, Agric*

Ìdáhùn: Ẹ máà tíì ra nǹkan kan, mà. Ẹ ṣí ohùn rífáàbù, kẹ́ ẹ rọra mi ámúpù náà. Bó bá dún gbààràmù, ẹnu àbájáde sípíríǹgì àti fáàfù tó ń gbà á ṣì yè, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ti ìró wọlé ni kí oníṣẹ́ yín lọ. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó yọ waya méjèèjì, kó fi mítà wọn àpótí náà. Fún irú 4AB, àbáwọlé á fi nǹkan bí óómù kan hàn, àbájáde nǹkan bí 200. Èyí tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ibẹ̀ ni waya ti já. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú tí waya tín-ín-rín, bí irun orí, ti fò láti ara kọ́ìlì lọ sẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa ń já sí. Áyọ́ọ̀nù kékeré àti lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un kó má fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó garawa ṣe é.