NaBH4 ni kí o lò, fi LiAlH4 sílẹ̀

Àbúrò mi ní Iléṣà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ketone àti ester jọ wà lára ohun tí o ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ketone nìkan ni o fẹ́ sọ di alcohol. O ní LiAlH4 (lithium aluminium hydride) ni wọ́n gbé fún ọ ní láàbù nítorí pé ó lágbára jù, o wá ń béèrè bóyá methanol ni kí o fi pò ó tàbí ethanol. Jọ̀wọ́, má tíì ṣí ìgò yẹn. Ẹni tó bá da LiAlH4 sínú methanol tàbí ethanol ti dáná.

NaBH4 (sodium borohydride) ni tìrẹ. Ó ń sọ aldehyde àti ketone di alcohol, ó sì ń fi ester sílẹ̀ bí o bá ṣe é nínú yìnyín tí o kò jẹ́ kó pẹ́. LiAlH4 kì í yàn ní tirẹ̀: ketone, ester, acid, amide, gbogbo rẹ̀ ló ń gbá lọ. Ohun tí o fẹ́ kó ṣẹ́kù ni kí o kọ́kọ́ wò.

Lọ́dún tí mo ń ṣe project mi n'Ífẹ̀, ethyl acetoacetate ni mo ń lò, ketone àti ester jọ wà lára òun náà, mo fẹ́ kó di ethyl 3-hydroxybutyrate, kí ketone di alcohol, kí ester ṣẹ́kù. Mo béèrè NaBH4 ní sítọ́ọ̀. Ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ní ó ti tán, ó gbé LiAlH4 fún mi, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà! Ìgò náà ti pẹ́ ní ṣíṣí, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ti ń di kókó. Òjò oṣù keje ni, gbogbo nǹkan ló rin, ether tí wọ́n fún mi láti fi pò ó pàápàá kò gbẹ. Bí mo ṣe ń bu ìyẹ̀fun náà sí i ló ń hó, mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Omi inú ether ló ń jẹ. Nígbà tó dákẹ́, mo tún bu púpọ̀ sí i.

Ó wá kù kí n pa ìyókù LiAlH4 inú rẹ̀. Mo bi technologist léèrè. Kò tiẹ̀ dìde lórí àga, ó ní kí n da omi sí i. Mo dà á. Gíráàmù LiAlH4 1 péré lè tú hydrogen tó lítà 2 àbọ̀ jáde bó bá pàdé omi, ether sì ń hó ní nǹkan bíi 35°C, kò tiẹ̀ tó ooru ara wa. Iná sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ ọwọ́ ọ̀tún mi bó láti ọrùn ọwọ́ dé àtàǹpàkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi lè di bírò mú. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ béèrè ìdí tí n kò fi wọ ìbọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó gbé ìgò yẹn lé mi lọ́wọ́. Inú ń bí mi di òní.

Nígbà tí ọwọ́ mi jinná, LiAlH4 náà ni wọ́n tún gbé fún mi. Iná kò sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan gidi mú. Lórí IR (àyẹ̀wò tí a fi ìmọ́lẹ̀ infrared ṣe), òkè carbonyl, ìyẹn C=O ti ester, tó máa ń wà ní nǹkan bíi 1740 cm⁻¹ ti pòórá. Ester ti lọ, ó ti di butane-1,3-diol, diol yẹn sì ń bá omi pò pátápátá. Omi tí mo ń dà sínú síńkì ni iṣẹ́ mi bá lọ.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí o nílò LiAlH4 lóòótọ́, ether gbígbẹ ni, nínú yìnyín (Lágèrè n'Ífẹ̀ ni mo ti máa ń ra tèmi láàárọ̀). Fún gíráàmù 1 tí o lò, kán omi mílílítà 1 sí i díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà sodium hydroxide 15% mílílítà 1, lẹ́yìn náà omi mílílítà 3, kí o wá sẹ́ ẹ. Gbé iyanrìn gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má fi omi pa iná rẹ̀, má sì fi carbon dioxide pa á.

Ether tó ti pẹ́ ní ṣíṣí náà, má ṣe sè é gbẹ láéláé. Peroxide ń kóra jọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè bú gbàù. Bu díẹ̀, fi potassium iodide àti acid díẹ̀ dán an wò. Bó bá pọ́n, dá a padà fún wọn.  

NaBH4 kò le: yìnyín, bù ú díẹ̀díẹ̀, wo TLC (thin-layer chromatography) bóyá ketone ti tán, fi acid díẹ̀ pa á, fà á yọ. O mọ ìyókù. Mole 1 rẹ̀ lè sọ ketone mole 4 di alcohol, má dà á bí iyọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé methanol àti ethanol tí o béèrè. NaBH4 ni wọ́n wà fún, kì í ṣe LiAlH4. Bí ester rẹ bá jẹ́ ti ethyl, ethanol ni. Bó bá jẹ́ ti methyl, methanol ni, kí ester náà má baà pààrọ̀ ethyl tàbí methyl ara rẹ̀. Methanol sì ń jẹ NaBH4 fúnra rẹ̀, nítorí náà má pò ó sílẹ̀ de iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ ní sítọ́ọ̀ pé NaBH4 ti tán, dúró dè é.