Má da ìwúkàrà rẹ nù lọ́jọ́ kẹrin

Àbúrò mi ní Lyon, mo ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná, oorun sì dá lójú mi. O ní o po ìyẹ̀fun àti omi pọ̀ sínú ìgò lọ́jọ́ Àìkú láti fi ṣe levain (ìwúkàrà tí a fúnra wa ṣe, tó ń mú búrẹ́dì wú), pé ó ru gùdù lọ́jọ́ kejì, àmọ́ láti Ọjọ́rú kò mì mọ́. O béèrè bóyá kí o dà á nù, àti irú ìyẹ̀fun tó yẹ kí o rà. Jọ̀wọ́, má dà á nù.

Ìgò mẹ́ta ni èmi dànù nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní Lille níbí. Oṣù January ni, ooru ilé ìdáná mi kì í ju dígíríì 16 lọ torí owó iná. Mo sanwó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ búrẹ́dì, mo sì gbé ìgò mi dání lọ. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú. Ó ní ó ti bàjẹ́, pé ìyẹ̀fun tí mo lò ló burú, kí n ra èyí tí òun ń tà. Mo rà á. Ìgò tí mo fi ìyẹ̀fun yẹn pò náà dákẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kì í gba búrẹ́dì. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, torí pé nǹkan kan ò ṣe ìgò náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn mọ̀.

Ríru ọjọ́ kejì yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìwúkàrà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó wà lára ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ jí, àwọn ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde, òórùn wọn sì burú bíi ti wàràkàṣì tó ti pẹ́ jù. Bí wọ́n ti ń jẹun ni inú ìgò ń kan, kíkan náà ló sì ń pa wọ́n. Ojúlówó ìwúkàrà kò kọ ibi tó kan, ṣùgbọ́n kò tíì pọ̀, ó ní láti bí sí i kí o tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Àárín ìgbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ kú tí àwọn ti ìkẹyìn kò sì tíì pọ̀ tó ni ìgò rẹ wà báyìí. Níbi tó móoru, ọjọ́ méje lè tó. Lọ́dọ̀ tèmi, ọjọ́ 15 gbáko ni. Ìyá mi ń ṣe ògì ní Ọ̀yọ́, kì í da àgbàdo tó rẹ sómi nù torí òórùn. Kódà àṣẹ tí ìjọba ilẹ̀ Faransé fi lélẹ̀ lórí búrẹ́dì lọ́dún 1993 sọ pé pH (ìwọ̀n kíkan, bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) ohun tí wọ́n bá ń pè ní pain au levain, ìyẹn búrẹ́dì levain, kò gbọdọ̀ ju 4.3 lọ, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ kan dáadáa. Kíkan tó wà nínú òfin ni ọ̀gá yẹn ń yínmú sí!

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, bù nínú rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku gíráàmù 50, kí o fi ìyẹ̀fun gíráàmù 50 àti omi gíráàmù 50 sí i. Má fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà tó bá dákẹ́, ńṣe lò ń fọ kíkan náà dànù. Gbé e sínú ààrò tí o kò tanná sí, kí o tan gílóòbù inú rẹ̀ nìkan, ooru ibẹ̀ á sún mọ́ dígíríì 25. Lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ààrò o. Ọkọ mi tan ààrò lé ìgò mi kẹrin lórí, èmi náà ni mi ò sọ fún un.

Má fi ìdérí ìgò há a pa, ó lè fọ́. Tí o bá rí ohun pupa tàbí olómi ọsàn lójú rẹ̀, tàbí èbu onírun, ìyẹn nìkan ni kí o dànù. Mo sì gbọ́ tí onímọ̀ oúnjẹ kan sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ rẹ̀ tó ní àrùn coeliac (àrùn tí gluten, èròjà inú àlìkámà, máa ń dá sílẹ̀ nínú ìfun) lè jẹ búrẹ́dì levain. Irọ́ ni! Gluten ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà jìyà.

Ìyẹ̀fun: nọ́ńbà ara àpò, bíi T65 tàbí T130, kì í ṣe ti dídára. Eérú tó ń kù tí wọ́n bá sun ìyẹ̀fun ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni èèpo ọkà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Seigle T130 (ìyẹ̀fun ọkà rye) ló jí ìgò mi karùn-ún. Lẹ́yìn tó bá ti gbéra, T65 ti tó fún búrẹ́dì: ìyẹ̀fun gíráàmù 500, omi 340, levain 100, iyọ̀ 10. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó tí wọ́n sì ń ká a. Ààrò dígíríì 240, ìṣẹ́jú 45, nínú cocotte (ìkòkò onírin tó ní ìdérí), ṣí ìdérí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn.

Èyí tí o bá ń bù kúrò lẹ́yìn tó ti lágbára, fi din crêpes (àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ) fún Chandeleur, àjọ̀dún tí àwọn ará Faransé máa ń jẹ ẹ́ ní February 2. Ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni kí o má jẹ. Má sì dà á sínú sínkì, ó máa ń le bíi símẹ́ńtì.

Tó bá di ọjọ́ kẹwàá tí kò tíì gbéra, fi fọ́tò ìgò náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì kọ bí ooru ilé ìdáná rẹ ṣe pọ̀ tó láàárọ̀ àti lálẹ́ sí i.