Èsì: Òòlù píánò tó ti le
Ẹ kú iṣẹ́ ìsìn o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní píánò ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Iléṣà ń dún gooro bí agogo, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àwọn òòlù tó ń lu wáyà inú rẹ̀. Ẹ wo orí òòlù ná. Irun àgùntàn tí wọ́n kì mọ́ra pinpin ni. Bó ti ń lu wáyà, ó ń le sí i, wáyà á sì fa ilà sí i lójú. Bí ilà yẹn bá ti jìn, sáńpépà fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi họ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún èjìká òòlù, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kí irun náà lè rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún góńgó orí tó ń kan wáyà! Mo ba méjì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, ohùn wọn kú pátápátá. Ẹ gún díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbọ́, kí ẹ tó tún gún un.