Bakitéríà inú ògì: plantarum ni àbí pentosus?

Àbúrò, o ní API 50 CHL (àyẹ̀wò tó ń wo irú ṣúgà tí bakitéríà ń jẹ) pe bakitéríà tí o yọ nínú ògì ní Lactobacillus plantarum, àbájáde 16S (jíìnì tí wọ́n fi ń dá bakitéríà mọ̀) tó dé láti láàbù pè é ní pentosus, sùpáfáísọ̀ sì ní kí o mú ọ̀kan. Má tíì mú ìkankan.

Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mò ń ṣe másítà, ògì náà sì ni èmi náà lò. Jíìnì 16S ò ju nǹkan bí 1,500 lẹ́tà lọ, ti plantarum, pentosus àti ìbátan wọn, paraplantarum, sì jọra kọjá ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Orúkọ tí GenBank, ibi tí wọ́n ń kó DNA tí wọ́n ti kà pamọ́ sí, bá tò sókè pátápátá kò lè yanjú ìyẹn. Ẹni tó fi DNA ránṣẹ́ síbẹ̀ ló fún un lórúkọ, òun náà sì lè ti ṣì í pè.

API ńkọ́? Ṣúgà tí bakitéríà ń jẹ ló ń sọ, kò sọ ìran tó ti wá. Mo ní ọ̀kan tó ń jẹ ṣúgà kan dáadáa. Nígbà tí mo tún un gbìn léraléra, kò fẹnu kàn án mọ́.

Jíìnì mìíràn, recA, ló yọ mí. Torriani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé PCR rẹ̀ (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀yà DNA kan di púpọ̀) jáde ní 2001, primer mẹ́rin (ègé DNA kékeré tó ń tọ́ka ibi tí wọ́n máa sọ di púpọ̀) nínú túùbù kan. Tó bá jẹ́ plantarum, ìlà 318 bp (lẹ́tà DNA 318) ni wàá rí lórí jẹ́ẹ̀lì, pentosus, 218, paraplantarum, 107. Bí owó bá wà, jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀, kí o fi wé ti ATCC 14917, plantarum tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Bí ANI, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí DNA méjèèjì fi jọra, bá wálẹ̀ ju 95 lọ, irú mìíràn lo ní lọ́wọ́.

Orúkọ iwájú náà ti yí padà o. Ní 2020, wọ́n fi gbogbo DNA wọn wéra, wọ́n sì pín Lactobacillus sí genus (ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ iwájú kan náà) 25, tí 23 nínú wọn jẹ́ tuntun. Plantarum àti pentosus ti di Lactiplantibacillus. Fermentum, tí ìwọ náà máa bá pàdé nínú ògì, di Limosilactobacillus. Acidophilus ò kúrò níbi tó wà. L. ṣì ni ìkékúrú àwọn tí mo dárúkọ yìí, nítorí náà sùpáfáísọ̀ tí kò fẹ́ràn orúkọ tuntun ò ní tètè fura. Yẹ̀ ẹ́ wò lórí LPSN, ìkànnì tó ń to orúkọ bakitéríà, kí o fi orúkọ àtijọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pín bakitéríà ẹ sínú glycerol, omi tí kì í jẹ́ kí òtútù pa á, kí o gbé e sí fírísà méjì tí kò sí nínú ilé kan náà. Iná tó lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan ló ba gbogbo èyí tí mo kọ́kọ́ yọ jẹ́.