Jiaohe tàbí Gaochang, fún ẹni tó ní ìdajì ọjọ́ péré ní Turpan

Ẹ kú ètò ìrìn àjò o. Ẹ ní oṣù Keje lẹ fẹ́ lọ sí Turpan, ìlú kan ní Xinjiang ní àríwá ìwọ̀ oòrùn China, ẹ sì ń bèèrè èwo ni kí ẹ wò nínú Jiaohe àti Gaochang, ahoro ìlú àtijọ́ méjì tó wà nítòsí ibẹ̀. Jiaohe ni kí ẹ lọ, bí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, torí ìrìn ẹsẹ̀ ni. Nǹkan bíi kìlómítà 10 ni láti Turpan. Gaochang ju 40 lọ.

Oṣù Keje tí ẹ mú yẹn gan-an ni wàhálà. Ooru ń kọjá 40°C, ibòji ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lókè ní Jiaohe. Ẹ débẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn, pẹ̀lú omi lítà 2 fún ẹnì kan. Kí ẹ tó gba mọ́tò, ẹ bi dírẹ́bà: ṣé aago Beijing ni àbí ti Xinjiang? Wákàtí 2 ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ṣì í mú, òwúrọ̀ yín ti bá a lọ nìyẹn.

Ẹ má gun ògiri kankan. Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọnú tó di ilé àti títì, ó ń ya.