Èsì: Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní Henry Ford, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ti sú yín, ẹ sì ń wá ẹlòmíràn fún iṣẹ́ tí olùkọ́ yín fún yín, tí ó yí ọrọ̀ ajé padà ní Amẹ́ríkà tí àyípadà náà sì pẹ́. Ẹ mú Maggie Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia.

Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni olùkọ́ yín ń béèrè, ẹ padà sọ́dọ̀ Ford.

Ọmọ alágbàfọ̀ ni Walker. Ní ọdún 1899 ni ó di olórí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan tí ń ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà àìsàn àti ìsìnkú, tí àpò rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ní 1903 ó dá báǹkì sílẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ yẹn, kí owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn mẹ̀kúnnù ń tọ́jú lè di owó tí wọn yóò yá láti ra ilé.

Ibi tí ó wù mí jù nìyí: nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, ó gbà kí báǹkì rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn nílùú náà, báǹkì náà sì wà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1934.

Ẹ má fi pamọ́ o pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pẹ́: ó ní ilé ìtajà kan, 1905 ni ó ṣí i, 1911 ni wọ́n tì í.