Ẹ gbé káàdì ìdìbò yín wá sí Àbújá, kí ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún họ́kì ọmọ yín

Ẹ kú ìrònú o, ìyá ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Lugbe ní Àbújá lẹ̀ ń gbé, Ogbómọ̀ṣọ́ ni orúkọ yín wà nínú ìwé olùdìbò, ẹ sì fẹ́ máa lọ dìbò nílé. Àmọ́ ọmọ yín obìnrin ti wọ ẹgbẹ́ họ́kì ilé ìwé rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sì máa ń gbá ìdíje. Ẹ ní báwo lẹ ṣe máa so ìbò, ìrìn àjò ilé àti họ́kì pọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ má so wọ́n pọ̀ rárá. Ẹ yọ ìbò kúrò nínú ètò ìrìn àjò yín.

Ohun tójú mi rí ni mo ń sọ. Ní 2019, ọjọ́ 16 oṣù Kejì ni wọ́n fi ìbò ààrẹ sí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti kúrò ní Àbújá, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìbò, ọ̀nà ilé wa sì ń gba odindi ọjọ́ kan. Mo ti sùn sílé bàbá mi. Kílẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà tó mọ́ ni ìkéde jáde pé ìbò ti di ọjọ́ 23. Àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa ti ṣètò àga tí wọ́n máa gbé lọ síbi ìlà. Kí ni kéèyàn ṣe? Kí n dúró lọ́sẹ̀ kan gbáko, kí iṣẹ́ mi ní Àbújá máa retí mi? Tàbí kí n padà, kí n tún wá owó ọkọ̀ mìíràn? Mo padà, mi ò sì dìbò.

Họ́kì ọmọ mi náà ò bọ́ nínú ẹ̀. Torí ìbò ni ilé ìwé wọn ṣe gbé ìdíje kúrò ní ọjọ́ 16 lọ sí ọjọ́ 23. Ìbò tún lé e débẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta tó yẹ kó jẹ́ ti gómìnà, tí wọ́n ti sún sí ọjọ́ 9, ni wọ́n padà gbá a. Kì í sì í ṣe ọdún yẹn nìkan. Ní 2015, ìbò kúrò ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ní 2011, àwọn èèyàn ti tò sórí ìlà lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin kí wọ́n tó ní kí kálukú máa lọ sílé. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibùdó ìdìbò rẹ̀ lè fara da èyí. Àwa tá a máa la Kotonkarfe àti Lokoja kọjá ká tó délé, a ò lè fara dà á.

2023 tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń lọ sílé, torí owó tuntun. Ẹ rántí bí náírà ṣe wọ́n ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Dírẹ́bà ní gáréèjì ń béèrè owó lọ́wọ́, ẹ̀rọ ò gbé owó lọ, àwọn oní-POS ń ta owó fún wa bí ẹni ta góòlù. Àwọn ará ilé wa tó ti palẹ̀ ẹrù mọ́ wà ní gáréèjì Jabi títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ti gbé orúkọ mi wá sí Kubwa, ní Àbújá níbí, nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ dìbò lọ́jọ́ 25.

Bí ẹ ṣe máa gbé tiyín rèé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, tó wà ní káńsù yín, tàbí kí ẹ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀. Nínú òfin ìdìbò ọdún 2022, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ku 90 ọjọ́ sí ìbò kí èèyàn tó béèrè. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú káàdì àtijọ́ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí ò ní káàdì rí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbé orúkọ kúrò ní ibùdó kan lọ sí òmíràn, kí ẹ sì padà lọ gba káàdì tuntun tó bá jáde.

Mo mọ ohun tó ń dùn yín. A ò ní gómìnà níbí. Mínísítà tí ààrẹ yàn ló ń ṣàkóso. Tẹ́ ẹ bá kúrò nínú ìwé Ogbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní lè dá sí ọ̀rọ̀ gómìnà Ọ̀yọ́ mọ́. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni ìbò ààrẹ jẹ́ níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti dì í. A ní sẹ́nẹ́tọ̀ kan, aṣojú-ṣòfin méjì, àti káńsù mẹ́fà tó ní alága àti káńsẹ́lọ̀. Lábẹ́ AMAC, ọ̀kan nínú káńsù mẹ́fà náà, ni Lugbe wà. Ìwé òfin 1999 fi ọjà, gáréèjì, ìdọ̀tí àti ààyè gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Pápá eléruku tí ọmọ yín ń fi ọ̀pá họ́kì sáré lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ káńsù ni. Àwọn Yorùbá tá a wà níbí kì í fẹ́ jáde fún ìbò káńsù, ó sì ń ká mi lára gidigidi, torí àwọn ọmọ wa ló ń lo àdúgbò yìí.

Ní ti ilé, ẹ máa lọ nígbà Iléyá. Tí wọ́n bá ti rí oṣù, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ẹni tó máa sún un síwájú mọ́. Owó ọkọ̀ máa ga díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ́ bá gbogbo ẹbí pé. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn dírẹ́bà nípa omi Kotonkarfe. Ní 2022 omi bo ọ̀nà náà, ọkọ̀ ò lè kọjá.

Ó wá ku họ́kì, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ náwó àti àkókò sí. Ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí ń bo ojúgun àti èyí tí ń bo eyín kí ẹ tó ronú ọ̀pá olówó ńlá. Bọ́ọ̀lù họ́kì le, ó sì lè ṣe ọmọ léṣe gan-an. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ má wá ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì, kò sí; òfin ò gbà á, apá tó tẹ́jú nìkan ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ tún mọ̀ pé góòlù tí wọ́n bá gbá láti ìta agbègbè roboto tó wà níwájú ojú góòlù, wọn kì í kà á. Mo ti rí àwọn òbí tó fò sókè lẹ́yìn irú góòlù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ bá rẹfirí jà.

Tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, ẹ bá a gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwé. Àpò gígùn tó kún fún ọ̀pá máa ń fa ìbéèrè lọ́dọ̀ àwọn sójà ojú ọ̀nà, ìwé yẹn ló máa ń yanjú ẹ̀ kíákíá. Nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọn kì í gbà kó gbé e sọ́wọ́, ẹrù ni wọ́n máa kó o mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú wọn lọ sí Minna tàbí Kaduna láìpẹ́, torí họ́kì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ họ́kì Niger Flickers wà ní Minna, ẹgbẹ́ Kada Stars wà ní Kaduna. Ti Kaduna, ọkọ̀ ojú irin ni mo fọwọ́ sí. Mo mọ̀ pé ìkọlù tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ojú irin náà ní oṣù Kẹta 2022 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa, oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Síbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gba títì. Ibùdókọ̀ ojú irin Idu sún mọ́ yín ju Kubwa lọ. Ẹ bi kóòṣì bóyá ọkọ̀ máa dúró de àwọn ọmọ ní Rigasa, ibùdókọ̀ ojú irin Kaduna, torí ó jìnnà sí àárín ìlú.